Sọ́jà Ẹlẹ́ṣin Tó Gba Omi Lọ́wọ́ Mi ní Cypress

Ẹ má sọ fún mi pé àlá ni mo lá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn Texas wà lókè orí, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mi ò mutí. Oògùn kan ṣoṣo tí mò ń lò ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí òkú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ojú òkú dé láìmọye ìgbà, mo sì lọ sílé lọ jẹun. Irú mi kọ́ ni wọ́n ń fi ìtàn iwin dẹ́rù bà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà á. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ ṣáà má fi mí ṣẹ̀sín, torí àwọn tó ń fi mí ṣẹ̀sín ti pọ̀ tó.

Kí n má tàn yín, mo máa ń jowú. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Houston ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà, tèmi wà níbẹ̀ dáadáa, mo sì ń jowú lọ. Nígbà tí a wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀, bí ọkọ mi bá kí ọmọbìnrin kan tí ìkíni náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, oúnjẹ ò ní wọ̀ mí lọ́fun lọ́jọ́ náà. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní "ìwọ" títí dòní, bí inú ìyá rẹ̀ ò tilẹ̀ dùn sí i.

Dádì Tolú ni mo máa pè é fún yín. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ epo kan lọ́nà Spring ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Tolú, wà ní yunifásítì ní Austin. Ó ku èmi àti ọkọ mi nínú ilé ńlá kan ní Cypress, mo sì rò pé àsìkò tó wàyí tí màá ní in fún ara mi nìkan.

Àṣé mo tan ara mi jẹ ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Gbogbo Sátidé, á jí, á wẹ̀, á fín lọ́fínńdà, á ní òun fẹ́ lọ rí àwọn ọ̀rẹ́ òun kan. Tó bá máa fi padà dé, á ti rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó rẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ sì ń dùn!

Lọ́jọ́ kan mo rí irun lára ẹ̀wù rẹ̀. Irun gígùn ni, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Mo gbé e sábẹ́ iná, mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Áà! Òyìnbó ni."

Nígbà tí Sátidé tún pé, mo wakọ̀ tẹ̀ lé e. Ó gba freeway, ó kọjá gbogbo àdúgbò àwọn èèyàn wa, títí a fi dé ibi tó jẹ́ kìkì pápá àti ọgbà ẹran. Mo páàkì sẹ́yìn igi kan. Mo rí i tó dì mọ́ ọn lọ́rùn, tó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí.

Ẹṣin ni. Abo ẹṣin pupa kan tí wọ́n ń pè ní Duchess. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹgbẹ́ kan ló wọ̀. Àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ọmọ Houston ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n máa ń múra bí àwọn sọ́jà ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú ayé àtijọ́, àwọn tó ṣiṣẹ́ ogun fún ìjọba Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí oko ẹrú parí. Wọ́n á lọ sí ilé ìwé àti ilé ìkàwé, wọ́n á gun ẹṣin, wọ́n á sọ ìtàn, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wọn jẹ́ àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Sájẹ́ǹtì.

Òfin Sájẹ́ǹtì ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé sọ́jà kan. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kí o "gbé" e. Wàá kọ́ ìtàn ayé ọkùnrin náà, wàá wọ irú aṣọ rẹ̀, bí o bá sì dúró níwájú èrò, o ò ní sọ pé "òun," "èmi" ni wàá máa wí. Elias Crane ni wọ́n ní kí ọkọ mi gbé. Télọ̀ ló rán kóòtù aró náà fún un, tuntun ni, àmọ́ bọ́tìnnì idẹ tó wà láyà rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Sájẹ́ǹtì ló kó o fún un, ó ní ti Elias gan-an ni, láti ọwọ́ àwọn tó gbé e ṣáájú ló ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn Elias fún yín, mo mọ̀ ọ́n ju ìtàn baba tó bí mi lọ. Orí oúnjẹ alẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Oko ìrèké kan létí odò Brazos ni wọ́n bí i sí, ọmọ ẹrú. Ó ti ń di ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n kéde òmìnira. Kò nílẹ̀, kò ní ìyá mọ́, kò mọ̀wé. Ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin nítorí wọ́n ní wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á fún un ní bàtà àti ẹṣin. Wọ́n kó wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn Texas, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi òkúta àti ẹ̀gún. Gàárì ẹṣin ni ìrọ̀rí rẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ lẹ́tà ń gbà, wọ́n sì ń lé àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Dádì Tolú ní ìyẹn ló dun Elias jù, pé òun tí wọ́n gba ara òun lọ́wọ́ òun ló tún wá ń bá wọn gba ilẹ̀ ẹlòmíì. Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé ó dun Elias. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà kan, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣìnà nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Omi tán pátápátá, ẹṣin ń kú mọ́ wọn lábẹ́. Elias pa ẹṣin tirẹ̀, ó mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tó fi yè nìyẹn. Bí ọkọ mi bá dé ibí yìí nínú ìtàn, ohùn rẹ̀ máa ń yí padà.

Nígbà tí Elias kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ó fẹsẹ̀ rìn wá sí Houston láti wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucinda, tó ṣèlérí pé òun á dúró dè é. Lucinda ti fẹ́ ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ pin sí. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ẹ máa bi mí pé kí ló wá jẹ́ owú níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Dádì Tolú mọ oṣù tí Elias wọṣẹ́ ogun, ọjọ́ ìbí tèmi kọjá, kò rántí àfi ìgbà tí Tolú pè láti Austin. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní Elias ò jẹ irú èyí rí láyé rẹ̀. Bí mo bá ní ó rẹ̀ mí láti ibi iṣẹ́, á ní Elias máa ń jókòó lórí ẹṣin láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Mo ní kí Elias wá fọ abọ́ nígbà náà.

Èyí tó wá dùn mí dé egungun ni ti oríkì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọkọ mi, baba baba rẹ̀ ní ẹṣin, ọmọ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń ki gbogbo ìdílé wọn. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ gbé ìdọ̀tí jáde, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní gárééjì. Ó ń fi oríkì ìdílé rẹ̀ ki Elias, ó ń pè é ní baba òun, ọmọ ẹlẹ́ṣin, pé kó jí, kó gbọ́. Òkú ọmọ Amẹ́ríkà! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò ki èmi rí.

Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé ẹni tí wọ́n bá ki, á yíjú wo ẹni tó ń ki òun. Mi ò rántí rẹ̀ nígbà yẹn. Inú ló ń bí mi. Èmi tí mi ò ní orogún ní Nàìjíríà, òkú ló wá di orogún mi ní Houston. Obìnrin ì bá tilẹ̀ sàn, màá pè é lórí fóònù, màá bú u, ara á tù mí.

Ní Sátidé kan, àwọn ẹgbẹ́ náà lọ ṣeré ní ilé ìkàwé kan ní Westchase. Kí ọkọ mi tó jáde, ó ní ọ̀kan nínú wọn, Ken, máa yà wá mú gàárì kan ní gárééjì. Mi ò mọ Ken rí. Mo ní ó dáa.

Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń dín dòdò. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Kò tẹ aago, ó kàn án ni, jẹ́jẹ́.

Ọkùnrin dúdú kan ló dúró síta, ó rù, ó ga. Kóòtù aró ló wọ̀, bíi ti ọkọ mi, àmọ́ tirẹ̀ ti ṣá, eruku sì bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó di fìlà rẹ̀ mú láyà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú. Mo ní nínú ara mi pé, áà, àwọn èèyàn yìí ò ṣe eré wọn ní kékeré o.

Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe. Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni mo ṣe, ohun tí ìyá tiyín náà kọ́ yín. Àlejò dé láti inú oòrùn, a kì í bi í pé ta ni ọ́, kí lo wá ṣe. Omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un, ìbéèrè a tẹ̀ lé e. Mo bu omi tútù láti inú fíríìjì, mo gbé e sórí tréè. Nítorí ewú irùngbọ̀n rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Mo ní, "You're welcome, sir. Ẹ máa rọra o."

Kò gba omi náà kíá. Ó ń wo orúnkún mi nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Nígbà tó gbà á, ó gbé e mu, ó gbé e mu títí. Mo tún bu òmíràn sínú kọ́ọ̀pù kejì. Mo gbọ́ bí omi náà ṣe ń lọ ní ọ̀fun rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí, bí ẹni tí ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Òyìnbó ló sọ, òyìnbó àtijọ́ tó ń fà, àmọ́ mo máa sọ ọ́ fún yín ní Yorùbá.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ̀."

Mo rò pé gosílóò ló ń sọ. Mo ní, "Sorry, sir, that freeway." Mo yíjú, mo lọ gbé gàárì ní gárééjì. Nígbà tí mo fi máa dé, kò sí ẹnì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ lójú títì. Tréè wà nílẹ̀ níbi tí mo gbé e sí, kọ́ọ̀pù méjèèjì sì kún fún omi dé ẹnu, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn án. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó gbóná, bí omi tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn.

Dádì Tolú dé. Mo ní, "Ken yẹn ò dúró mú gàárì mọ́ o."

Ó ní, "Which Ken? Ken tó wà pẹ̀lú wa ní Westchase till now?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣí kámẹ́rà tó wà lára aago ẹnu ọ̀nà wa. A jọ wò ó. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé tréè, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sọ̀rọ̀. Iwájú mi ṣófo.

Mò ń retí kí ọkọ mi dì mí mú, kó ní ká gbàdúrà. Ẹ ò lè mọ ohun tó sọ.

Ó ní, "Ìwọ ló wá bá?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Mo gun ẹṣin nítorí rẹ̀. Mo wọ aṣọ rẹ̀. I've been calling that man for over a year. Ìwọ tí o ò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ìwọ ló wá bá?"

Ọkọ mi ń jowú mi! Kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì dùn. Mo ní kí òun náà tọ́ ọ wò díẹ̀, kó mọ bó ṣe ń rí nínú èèyàn. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹ́ kí n sinmi. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ó ga jù mí lọ? Ṣé ó dárúkọ mi? Nígbà tí Sátidé tún pé, kò lọ síbì kankan. Ó wọ kóòtù náà, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ tán, ó dúró sẹ́yìn mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n bu omi sórí tréè kí n máa retí. Mo ní mi ò ṣe. Ó bẹ̀ mí. Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn, ó bẹ̀ mí. Mo bu omi.

Nígbà tí oòrùn dé góńgó orí, mo gbọ́ ọ. Kó, kó, kó.

Mo ní, "Ó ti dé."

Dádì Tolú ní, "I didn't hear anything."

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ló dúró síbẹ̀, pẹ̀lú eruku rẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kò wo omi, kò wo orúnkún mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ta lọkùnrin yẹn?"

Mo ní, "Ọkọ mi ni, sir."

Ọkọ mi náà ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi, "Kí ló sọ? Babe, what did he say?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Mo mọ ohun tí mo rí lójú rẹ̀, torí mo ti rí i nínú dígí tèmi. Owú ni. Owú tó ti gbó.

Ó ní, "Ojú títì ìlú yìí ni wọ́n ti bọ́ kóòtù yẹn lára mi. Wọ́n ní ènìyàn dúdú ò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìjọba gba àárín ìlú kọjá. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi. Òun wọ̀ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó padà wá sílé, obìnrin rẹ̀ ṣì wà nílé." Ó wá gbójú sókè wò mí. "Sọ fún un kó bọ́ kóòtù mi."

Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní, "Ó ní kí o bọ́ kóòtù òun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo wàhálà. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí òkú lè sọ láyé yìí, èyí tí mo ti ń fi ẹnu ara mi sọ láti ọdún tó kọjá ló mú.

Dádì Tolú kọ́kọ́ ya ẹnu. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. Ó ní, "Mo mọ̀. I knew it. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Owú ló ń bá ọ jà. Ìwọ lo fẹ́ kí n bọ́ ọ, o wá ń fi sí ẹnu òkú."

Mo ní, "Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó ní, "Don't bring God into it."

Ọkùnrin náà gbọ́. Ó dà bíi pé ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi fìlà rẹ̀ lé orí, ó sì sọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Bí kò bá bọ́ kóòtù náà, màá mú un pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀."

Mo pajú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbóná ọ̀sán nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Mo pe Tolú. Mo rò pé ọmọ tí mo bí á gbà mí gbọ́. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o, but are you sure it's not the jealousy? Daddy told me everything. Maybe ẹ lọ rí somebody, like a therapist." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù.

Mo pe Sájẹ́ǹtì. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún un. Mo kàn bi í pé àwọn wo ló gbé Elias ṣáájú ọkọ mi. Ó ní àwọn méjì ni. Mo ní níbo ni wọ́n wà báyìí. Ó ní, "Ma'am, neither one of them rides anymore." Mo ní kí ló ṣe wọ́n. Ó ní kí n kí Dádì Tolú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ máa sọ pé kí ló dé tí mi ò jó kóòtù náà. Mo gbé e, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi pamọ́ sí búùtù ọkọ̀ mi, mo fẹ́ gbé e lọ jó níbòmíì. Ọkọ mi rí i kí n tó jáde. Kò pariwo. Ó na kóòtù náà dáadáa, ó ní, "So it's true. Owú ni lóòótọ́." Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ ò sì kúrò lápò rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó wọ kóòtù náà lọ gun ẹṣin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní pápá kan tó wà lọ́nà Katy. Pápá tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ẹ máa rí freeway láti ibikíbi tí ẹ bá dúró sí. Ó ṣáájú wọn díẹ̀, wọn ò rí i mọ́. Wọ́n wá a káàkiri títí. Duchess ló kọ́kọ́ padà, òun nìkan. Nígbà tí wọ́n máa fi rí ọkọ mi, ó jókòó sórí ilẹ̀, ètè rẹ̀ ti là, ahọ́n rẹ̀ ti wú, bí ẹni tí kò rí omi láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgò omi rẹ̀ wà níbàdí rẹ̀, ó kún.

Ilé ìwòsàn ni mo ti pàdé rẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì, mo rí irú ètè yẹn, mo mọ̀ pé èèyàn ò lè gbẹ tó bẹ́ẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Dókítà náà mọ̀ ọ́n, ó kàn ń mi orí ni. Mo dì mọ́ ọkọ mi, mo sunkún. Mo ní, "Jọ̀ọ́, bọ́ ọ. Nítorí Ọlọ́run, bọ́ kóòtù yẹn."

Ẹ ò lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo rí ibẹ̀. Ibi tí Elias dé, I saw it. Ó mú èmi náà débẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "You see? Kì í ṣe ìwọ nìkan ló wá bá."

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti ń pàdánù ọkọ mi. Kì í ṣe obìnrin, kì í ṣe ẹṣin ló ń gbà á lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi. Bí àlejò tí ẹ ò mọ̀ bá kanlẹ̀kùn yín lọ́sàn-án gangan, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé ò mọ̀ pé a máa dé ibí. Ẹ má fi oríkì ilé yín ki òkú tí kì í ṣe tiyín. Ẹ sì fi owú yín mọ níwọ̀n, ẹ̀yin ìyàwó. Bí wọ́n bá ti fi owú mọ̀ yín, ọjọ́ tí ẹ bá sọ òótọ́ tó lè gba ọkọ yín là, owú náà ni wọ́n á pè é.

Òwúrọ̀ yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣin ń kóra jọ fún ìrìn ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí wọ́n máa ń gùn wọ Houston. Ọkọ mi wọ kóòtù náà, ó dì í dé ọrùn. Mo dúró níwájú ọkọ̀ rẹ̀, mi ò jẹ́ kó kọjá. Mo ní, "Wò ó, mi ò jowú mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹnu kàn mí níwájú orí, ó rọra fọwọ́ mú mi kúrò lọ́nà. Ó ní, "Mummy Tolú, o ti tún bẹ̀rẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó wakọ̀ lọ.